Omi Ni Ó Pa Wọ́n: Àkọsílẹ̀ Lórí Orẹ́gánò Olódòdó Tí Ó Bàjẹ́ Nínú Gíríìnháòsì Wa

Ike ìgbìn 341 ni a dà sí àkìtàn ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní ìparí oṣù kẹta ọdún tó kọjá. Orẹ́gánò olódòdó ni ó wà nínú gbogbo wọn. Ewé wọn ti rọ bí ẹni pé òùngbẹ ni ó gbẹ wọ́n pa, bẹ́ẹ̀ erùpẹ̀ inú ike kọ̀ọ̀kan rin gbingbin débi pé omi ń jò sí wa lẹ́sẹ̀ bí a ti ń gbé wọn lọ. Èmi ni àwọn tábìlì tí a tò wọ́n sí wà níkàáwọ́ mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ó ti ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú àṣìṣe tí a ṣe níbẹ̀, nítorí pé fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ìtọ́jú tí a fún àwọn irúgbìn yìí ni ó ń tì wọ́n sún mọ́ ikú.

Àgbègbè Kent ni ilé iṣẹ́ náà wà, ní gúúsù-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì jìnnà sí àwọn òkè ẹfun tí wọ́n ń pè ní North Downs. Òdòdó tí àwọn ènìyàn máa ń rà nígbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀ ni a ń gbìn jù, pàápàá pẹtúníà àti jẹréníọ̀mù, àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ń ta òdòdó ni ó sì ń rà á lọ́wọ́ wa. Ọdún yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa gbin orẹ́gánò olódòdó.

Orẹ́gánò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni èyí tí wọ́n ń sá ewé rẹ̀ gbẹ, tí wọ́n sì ń fọ́n sórí písà. Ẹbí kan náà ni òun àti efinrin, ẹni tí ó bá sì fi ìka ra ewé rẹ̀, tí ó gbé e sí imú, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún òun. Èyí tí mò ń sọ nípa rẹ̀ kì í ṣe ti oúnjẹ ní tirẹ̀. ‘Kent Beauty’ ni orúkọ rẹ̀, Kent níbí náà ni ó sì ti kọ́kọ́ jáde, láti ara irú méjì tí ó gba ara wọn: Origanum rotundifolium, tí ó jẹ́ ti àwọn òkè ilẹ̀ Tọ́kì àti Jọ́jíà, àti Origanum scabrum, tí ó jẹ́ ti àwọn òkè gúúsù ilẹ̀ Gíríìsì. Òdòdó rẹ̀ gan-an kéré. Ohun tí oníbàárà ń sanwó fún ni àwọn ewé pẹlẹbẹ tí ó bo òdòdó náà, tí wọ́n gun ara wọn lórí bí ìpẹ́ ẹja, tí àwọ̀ wọn máa ń jẹ́ ti ewé ọ̀dọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á sì máa pọ́n lọ díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn ti ń bà wọ́n, títí wọn yóò fi dà bí awẹ́ obì tí kò tíì pọ́n tán. Wọ́n jọ họ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń ṣe bíà, èyí tí wọ́n ti ń gbìn ní Kent fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, mo sì máa ń rò ó pé ìjọra yẹn wà lára ohun tí ó mú kí ojú àwọn ará ibí máa wọ̀ ọ́. Ẹ̀ka rẹ̀ kì í nàró, ṣe ni ó máa ń rọ̀ wálẹ̀ létí ike, ìdí nìyẹn tí ó fi dára nínú agbọ̀n tí a ń fi kọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì ni ọmọ irúgbìn 1,200 dé, tí gbòǹgbò wọn ti mú dáadáa. Ike tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13 ni a gbìn wọ́n sí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú ike tirẹ̀, àdéhùn wa pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù sì ni pé wọn yóò gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹfà. Erùpẹ̀ tí a lò ni erùpẹ̀ pẹtúníà, ìyẹn píìtì (ewéko àbàtà tí ó ti jẹrà di erùpẹ̀ dúdú) tí a po mọ́ èèpo igi tí a lọ̀ kúnná, tí ó máa ń di omi mú pẹ́. Tábìlì tí a gbé wọn sí náà, tábìlì pẹtúníà ni. A tẹ́ mátì sí orí rẹ̀, aṣọ nínípọn kan tí ọ̀pá omi máa ń rin láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, tí ike kọ̀ọ̀kan á sì máa fa omi mu láti ìdí ara rẹ̀. Èmi ni mo yí aago omi náà sí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nígbà tí bọ́ílà kò jẹ́ kí ooru ilé náà lọ sílẹ̀ ju dígírì 15 lọ, kò sí wàhálà kankan. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá wa obìnrin ní kí a dín ooru òru kù sí dígírì 8 nítorí owó gáàsì. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá sí ìgbà náà tí mo fi rí i pé àwọn ewé ìsàlẹ̀ ń pupa rúsúrúsú. Ìtumọ̀ tí gbogbo wa fún un ni pé ebi ń pa wọ́n. A sọ ajílẹ̀ olómi tí a ń fún wọn di ìlọ́po méjì, orí wọn sì ta sókè lóòótọ́: ẹ̀ka gùn, ewé fẹ̀, gbogbo rẹ̀ dú minimini. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí ọ̀gá.

Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí n ti fura. Orẹ́gánò tí ara rẹ̀ dá kì í ní ewé fífẹ̀. Ewé rẹ̀ máa ń kéré, ó máa ń le lọ́wọ́ díẹ̀, àwọ̀ eérú máa ń hàn lójú rẹ̀, bí apá ènìyàn bá sì kàn án lásán, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ibẹ̀ kan. Tiwa rọ̀ bí ewé gbúre, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní òórùn rárá. Òróró tí ó ń fún ewé náà ní òórùn máa ń pọ̀ níbi tí oòrùn bá ti pọ̀ tí ilẹ̀ kò sì lọ́ràá, àwa sì ti fi ajílẹ̀ bà á jẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta, oòrùn là gan-an ní ọjọ́ kan, nígbà tí yóò sì fi di ọ̀sán, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn irúgbìn náà ti rọ. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbérí padà. Ní ọjọ́ kejì wọ́n tún rọ, wọ́n sì pọ̀ ju ti àná lọ. Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí mo ṣe àti ìdí tí mo fi ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ odò ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ìyá mi ń gbin ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ohun tí ojú mi sì ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ti lè gbé garawa ni pé tẹ̀tẹ̀ tí ó bá dorí kodò ní ọ̀sán, omi ni ó ń bèèrè, ẹni tí ó bá sì dúró wò ó láìbu omi sí i, ọ̀lẹ ni. Mo fa ọ̀pá omi jáde, mo sì bomi rin gbogbo tábìlì náà láti òkè, lórí èyí tí mátì ti fún wọn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún gbáko.

Láàárín ọjọ́ márùn-ún náà ni ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Níbi tí ewé ti sún mọ́ ara wọn, nǹkan kan bí òwú eléérú hù sí ara ẹ̀ka, tí a bá sì fi ọwọ́ kàn án, á fọ́n bí eruku. Botrytis ni wọ́n ń pè é, fọ́ńgọ́ọ̀sì kan ni, ìyẹn irú èbu, gbogbo ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onígíláàsì ni ó mọ̀ ọ́n. A fín oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì sí i. Ara ewé mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irúgbìn kò dẹ́kun kíkú.

Obìnrin ará Bùlùgéríà kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó jù mí lọ dáadáa, mo sì ti ń pè é ní àǹtí láti ọjọ́ yìí wá títí òun náà fi ń dáhùn sí i. Òun ni ó dúró létí tábìlì náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, tí ó fi ọwọ́ kan gbé ike kan, tí ó gbé e kalẹ̀, tí ó tún gbé òmíràn, tí ó wá ní kí èmi náà gbé e wò. Ó wúwo bí ìgò omi. Ó sọ fún mi pé ní abúlé àwọn, rigan ni àwọn ń pe orẹ́gánò, pé àárín òkúta ni ó máa ń hù, àwọn a sì lọ já a fún tíì. Ó ní, “Ta ni ó ń lọ bomi rin ín lórí òkúta?” Ó da ike náà dé, ó fi ẹnu rẹ̀ gbá etí tábìlì, erùpẹ̀ náà sì bọ́ sí wa lọ́wọ́ lódidi.

Gbòǹgbò orẹ́gánò tí ó dá máa ń funfun, ó sì máa ń yí erùpẹ̀ ká títí dé ìdí ike. Ohun tí a rí kò ju gbòǹgbò díẹ̀ lọ ní òkè, tí àwọ̀ wọn dà bí omi tíì; ní ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ lásán ni, ó sì ń rùn bí gọ́tà. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá mú gbòǹgbò kan, mo fà á. Awọ ara rẹ̀ yọ́ kúrò wẹ́rẹ́, bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ sómi fún àkàrà ṣe máa ń yọ́, ohun tí ó kù sílẹ̀ kò nípọn ju irun orí lọ. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún ike méjìlá láti orí tábìlì mẹ́ta. Mẹ́sàn-án nínú wọn rí bákan náà.

A fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, èsì tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ padà ni Pythium. Ọ̀rọ̀ náà wá yé wa. Ẹ̀dá inú omi ni Pythium. Bí ó tilẹ̀ jọ fọ́ńgọ́ọ̀sì, kò sí lára wọn, àwọn ewéko inú òkun ni ó bá tan jù. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oògùn tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Botrytis kò fi ń ràn án. Ó máa ń bí ọmọ tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ní ìrù, tí wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́ láti ibi kan dé ibòmíràn níwọ̀n ìgbà tí omi bá ti wà fún wọn láti gbà kọjá. Mátì wa, tí kò gbẹ lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà tí a ti tẹ́ ẹ, ni ọ̀nà tí a là fún wọn láti ìdí ike kan dé ìdí èkejì. Bí mo sì ti ń wo orí erùpẹ̀ dáadáa, mo rí àwọn kòkòrò dúdú tín-ín-tín tí ń fò lọ sókè bí a bá mi ike. Ìdin wọn máa ń jẹ gbòǹgbò, àwọn kòkòrò náà fúnra wọn sì lè gbé Pythium kiri. Erùpẹ̀ tí kì í gbẹ ni ilé wọn.

Nígbà tí mo tún gbogbo rẹ̀ rò láti ẹ̀yìn wá, bí ó ti ṣẹlẹ̀ hàn kedere. Òru tutù, gbòǹgbò kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Irúgbìn kò mu omi púpọ̀, ṣùgbọ́n aago omi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Omi gba àyè afẹ́fẹ́ nínú erùpẹ̀, gbòǹgbò tí kò rí èémí mí bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ewé ìsàlẹ̀ sì pupa. A pe èyí ní ebi, a da ajílẹ̀ sí i. Nígbà tí mo fi míta wọn iyọ̀ inú omi tí ń jáde ní ìdí ike, ó fi 3.2 hàn, níbi tí ó ti yẹ kí ó wà ní nǹkan bí 1.2. Iyọ̀ jó ṣóńṣó gbòǹgbò tí ó ṣẹ́kù, ojú ọgbẹ́ náà ni Pythium sì gbà wọlé. Rírọ tí wọ́n ń rọ nínú oòrùn kì í ṣe ti òùngbẹ àìlómi. Omi wà nílẹ̀, ẹnu tí wọn yóò fi mu ún ni kò sí mọ́. Omi tí mo wá bù lé e fún ọjọ́ márùn-ún ni ó parí iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì èsì náà. A fa gbogbo ike jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, a wo gbòǹgbò wọn, a sì da 341 tí kò sí ìrètí fún nù. A ká mátì kúrò, a sun ún, a fi oògùn fọ tábìlì, a sì kó 859 tí ó kù sórí tábìlì onírin alásẹ́, kí omi lè máa ro dànù ní ìdí wọn kí afẹ́fẹ́ sì lè gba abẹ́ wọn kọjá. A jẹ́ kí ọwọ́ kan wọ àárín ike kan sí èkejì. A kò fún wọn lómi kankan títí ike fi fúyẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fúyẹ́, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn là, a fi omi lásán fọ iyọ̀ jáde nínú erùpẹ̀, a sì wá bu oògùn Pythium sí i bí ìwé ara ìgò rẹ̀ ti wí. Fún àwọn kòkòrò dúdú náà, aràn tí ojú kò rí ni a lò, Steinernema feltiae, tí a máa ń po mọ́ omi, tí ó sì ń wọ inú ìdin lọ pa á. Mo fi sísọ́ọ̀sì rẹ́ gbogbo ọ̀mùnú gígùn náà, mo fi ìpele ewé mẹ́ta sílẹ̀ lórí ìdí kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí láti rẹ́ ẹ. Àwọn ni mo ya ní fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ omi di ọ̀rọ̀ ọwọ́. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí yóò bomi rin orẹ́gánò gbọ́dọ̀ gbé ike mẹ́wàá wò lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ bomi rin wọ́n lẹ́yìn aago mọ́kànlá òwúrọ̀, kí ara ewé lè gbẹ kí alẹ́ tó lẹ́. Ní oṣù kẹrin, ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta ni omi kàn wọ́n. Ajílẹ̀ tí a ń fún wọn kò tó ìdajì ti pẹtúníà.

Ọ̀rọ̀ ìrì ni ó fa àríyànjiyàn. Bí òru bá ti tutù, omi á gbá jọ sí abẹ́ gíláàsì òrùlé, tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́, á máa kán sórí ewé, ibẹ̀ sì ni Botrytis ti ń rí oúnjẹ jẹ. Mo ní kí a máa tan bọ́ílà kí a sì ṣí fèrèsé òrùlé díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní àṣálẹ́ àti ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọ̀gá mi wò mí bí ẹni tí ó ní kí òun kó owó sínú iná. Kò sì burú tí ó bá wò mí bẹ́ẹ̀, nítorí pé lójú lásán, ooru ni à ń tú síta. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbóná ni ó máa ń gbé omi púpọ̀ dání. Tí ó bá jáde, afẹ́fẹ́ tútù tí ó wọlé rọ́pò rẹ̀ kò ní omi púpọ̀ nínú, tí a bá sì ti mú un gbóná, yóò fa omi ara ewé mu. Ó gbà fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní àṣálẹ́ àti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ìdájí, fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí òun lè wo iye tí yóò jẹ́ nínú ìwé owó gáàsì. Ọ̀sẹ̀ méjì náà kọjá, kò tún mẹ́nu bà á mọ́, a sì ń ṣe é lọ.

Mi ò kó gbogbo ọ̀mùnú tí mo rẹ́ dànù. Mo mú 40 lára àwọn ìdí tí ara wọn dá jù, mo gún wọn sínú pẹ́láìtì tútù, ìyẹn hóró òkúta funfun fífúyẹ́ tí kì í jẹ́ kí omi dúró pẹ́ nínú erùpẹ̀, wọ́n sì ta gbòǹgbò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbin 20 sínú erùpẹ̀ àtijọ́ lórí mátì tuntun, mo gbin 20 yòókù sínú erùpẹ̀ tí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ pẹ́láìtì, orí tábìlì alásẹ́ sì ni mo gbé wọn sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 7 ti kú lórí mátì, àwọn tó kù gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo 20 tí ó wà lórí alásẹ́ ni ó yè, wọ́n kúrú, wọ́n ṣù mọ́ ara wọn, òórùn wọn sì ta sími nímú kí n tó dé ìdí tábìlì. Ó yẹ kí n ti pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, kí n lè mọ èyí tí ó jẹ́ ti erùpẹ̀ àti èyí tí ó jẹ́ ti tábìlì. Ìwọ̀n àyè tí mo rí gbà nìyẹn.

Nínú 859 tí a kó sórí alásẹ́, 67 ṣì kú, 58 sì wọ́ débi pé ṣọ́ọ̀bù kò lè gbà wọ́n. 734 ni a tà. Rírẹ́ tí mo rẹ́ wọn sún òdòdó wọn síwájú, àárín oṣù keje ni a tó lè kó wọn jáde dípò oṣù kẹfà, ṣọ́ọ̀bù sì dín owó kù nítorí pé a pẹ́, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, mo rìn gun North Downs. Orẹ́gánò inú igbó ń hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀, Origanum vulgare, lórí ẹfun funfun tí erùpẹ̀ orí rẹ̀ kò jìn ju ìka mẹ́ta lọ. Òjò kò tíì rọ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ewé rẹ̀ kò tó èékánná mi, oyin sì bò ó.

A tún gbin orẹ́gánò lọ́dún yìí, 800 péré, gbogbo wọn nínú erùpẹ̀ onípẹ́láìtì, lórí alásẹ́, ooru òru kò sì lọ sílẹ̀ ju dígírì 10 lọ títí oṣù kẹrin fi wọlé. 19 ni ó kú. Mẹ́rìnlá nínú wọn wà lórí tábìlì kan ṣoṣo ní igun àríwá, níbi tí gíláàsì méjì ti ya kúrò lára férémù, tí omi òjò sì ń kán gba ibẹ̀ wọlé. Mo ti sọ fún ọ̀gá, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ àtúnṣe. Títí wọn yóò fi dí i, pẹtúníà ni mo kó síbẹ̀.